Kí ni "settler colony"? Àwọn kọ́lónì Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ò rí bákan náà rárá

Tí wọ́n bá pe "kọ́lónì" létí ọmọ Yorùbá, Èkó ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gbà á lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861, tí gómìnà dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò díẹ̀ tẹ̀ lé e. Òyìnbó ò kó ìyàwó, ọmọ, màlúù àti ọkọ́ wá láti wá gba oko lọ́wọ́ wa. Ti settler colony yàtọ̀ síyẹn. Àlejò tó wá láti jókòó pátápátá ni, tó fẹ́ di onílẹ̀, tó sì máa lé onílẹ̀ kúrò. Èmi máa ń pè é ní kọ́lónì atẹ̀lúdó, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí yẹn ò ṣófo o, àwọn Powhatan ló ni Virginia, àwọn Wampanoag ló wà lápá New England níhà àríwá, wọ́n ní ìlú, wọ́n ní olórí, wọ́n ní oko àgbàdo.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn èèyàn máa ń pe gbogbo ẹ̀ ní "àwọn kọ́lónì 13" bí ẹni pé agbo ilé kan ni. Irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bí sí Virginia ní 1650 àti ẹni tí wọ́n bí sí Boston ní New England lọ́dún kan náà, ayé wọn ò jọra, àfi èdè àti ìjọba tó wà ní London.

Virginia ló kọ́kọ́ dúró. Ní oṣù karùn-ún 1607, kọ́ńpìnì oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Virginia Company kó bí èèyàn 104 lọ sí Jamestown, ọkùnrin àtọmọkùnrin ni gbogbo wọn, kò sóbìnrin kankan níbẹ̀. Èrè ni wọ́n wá wá, góòlù ló wà lọ́kàn wọn, ibi tí wọ́n sì jókòó sí, àbàtà ni, omi odò ẹ̀ níyọ̀ nínú, ẹ̀fọn kún ibẹ̀, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ń pa wọ́n. Nígbà òtútù 1609 wọ 1610, ebi mú débi pé nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, bí 60 péré ló kù láàyè.

Tábà ló gbà wọ́n. John Rolfe gbin irú kan tó dùn lẹ́nu ju ti ìbílẹ̀ ibẹ̀ lọ, nígbà tó fi máa di 1614 wọ́n ti ń kó o lọ tà ní London, ni gbogbo ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ tábà. Tábà máa ń jẹ ilẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́rin ilẹ̀ á ti ṣá, àfi kéèyàn lọ ṣán oko míì, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fọ́n ká sétí odò, oko ẹnì kan jìnnà sí ti ẹnìkejì, kò sí ìlú gidi, ọmọ ò sì ríléèwé lọ.

Ta ló wá ń roko yẹn? Ibi tó ṣe pàtàkì jù lọ́dọ̀ mi nìyí. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó tálákà ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní indentured servant. Ìwọ̀fà ló jọ ọ́ jù nínú èdè wa, àmọ́ kì í ṣe ìwọ̀fà gan-an, torí iṣẹ́ tí ìwọ̀fà tiwa ń ṣe, èlé orí owó ni, ó dìgbà tí wọ́n bá san owó gangan kó tó kúrò lọ́dọ̀ olówó. Tiwọn, ọdún mẹ́rin sí méje ló sábà máa ń wà nínú ìwé àdéhùn, iṣẹ́ yẹn ló ń san owó ọkọ̀ tó gbé wọn wá, tí ọdún bá pé, ó parí. Ẹni tó sì sanwó ọkọ̀ fún wọn, láti 1618 lọ, ó ń gba éékà 50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní headright. Ẹni tó lówó náà ló tún ń kó ilẹ̀ jọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá ṣiṣẹ́ yìí ló sì kú kí ọdún wọn tó pé.

Ní oṣù kẹjọ 1619, ọkọ̀ kan já ọmọ Áfíríkà tó lé ní ogún sí Point Comfort ní Virginia, apá Angola ni wọ́n ti kó wọn. Fún ìgbà díẹ̀, ipò wọn ò tíì fi gbogbo ara dúró sójú kan nínú òfin, àwọn kan nínú wọn gba òmìnira, wọ́n nílẹ̀. Ìgbà tó di 1662 ni ìjọba Virginia ṣòfin pé ipò tí ìyá bá wà lọmọ máa wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ni wọ́n fi ń mọ ipò ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwa náà láyé àtijọ́, ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí fún olówó ẹ̀ sábà máa ń di ọmọ ilé. Òfin Virginia yìí sọ ọ́ di pé bàbá lè ta ọmọ tó fúnra ẹ̀ bí, kò sì sí adájọ́ tó máa bi í. Lẹ́yìn tí Nathaniel Bacon, olóko kan ní Virginia, àtàwọn èèyàn ẹ̀ dìtẹ̀ mọ́ gómìnà ní 1676, tí wọ́n dáná sun Jamestown, àwọn olóko ńlá wá ń fẹ́ ẹrú ju alágbàṣe oníwèé lọ, torí ẹrú ò ní ọjọ́ tó máa gbòmìnira kó wá máa béèrè ilẹ̀.

Ẹ gòkè àríwá wàyí, sí New England. Àwọn 102 tó bá ọkọ̀ Mayflower dé Plymouth ní 1620, bí ìdajì wọn kú nígbà òtútù àkọ́kọ́, àwọn náà jìyà. Ṣùgbọ́n láti 1630 tí John Winthrop kó àwọn Puritan, àwọn Kristẹni tó fẹ́ fọ ṣọ́ọ̀ṣì Gẹ̀ẹ́sì mọ́, wá sí Massachusetts, ìdílé-ìdílé ni wọ́n ń wá, bàbá, ìyá, àtọmọ, bí 20,000 ti dé nígbà tó máa fi di 1640. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún òkúta, òtútù ẹ̀ gùn, tábà ò lè rọ́wọ́ mú, kálukú bá ń dá oko tó máa tó ìdílé ẹ̀ jẹ, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń la pákó, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi. Òtútù yẹn kan náà ni ò jẹ́ kí ibà ráyè, ẹni tó bá dàgbà níbẹ̀ lè lo 70 ọdún, ọmọ ń mọ bàbá àgbà ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní Virginia ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti di aláìlóbìí kó tó bàlágà.

Wọ́n kó ilé jọ yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, àwọn ọkùnrin ń pàdé láti sọ̀rọ̀ ìlú, wọ́n dá Harvard sílẹ̀ ní 1636, òfin 1647 sì sọ pé ìlú tó bá ti ní 50 ilé gbọ́dọ̀ gba tíṣà, torí wọ́n fẹ́ kí gbogbo èèyàn lè ka Bíbélì. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ̀sìn tiwọn nìkan ni wọ́n gbà, wọ́n lé Roger Williams, oníwàásù tó bá wọn jiyàn, jáde, wọ́n sì so Mary Dyer rọ̀ ní Boston ní 1660 torí pé Quaker ni, ìjọ Kristẹni míì tí wọn ò gbà.

Àárín méjèèjì, New York tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Dutch (ará Netherlands) ní 1664 àti Pennsylvania tí ọba fún William Penn ní 1681, wíìtì (àlìkámà) ló ń jáde níbẹ̀, Jámánì, Dutch àti Quaker ń gbé pa pọ̀. Ní Germantown, 1688, àwọn èèyàn mẹ́rin fọwọ́ síwèé pé ẹrú níní ò dáa. Mo fẹ́ràn wọn.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Carolina. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ Charles Town dó ní 1670 wá láti Barbados, erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì kan ní Caribbean, wọ́n ti lówó ìrèké níbẹ̀, wọ́n sì kó ẹrú àti òfin ẹrú dání wá. Ìrẹsì ni wọ́n gbìn, àwọn tó mọ ìrẹsì gbìn dáadáa sì wà lára àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n kó wá, apá Senegal àti Gambia. Àwọn Yorùbá tiwa ò pọ̀ níbẹ̀, Brazil àti Cuba ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ, ó sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 1708, èèyàn dúdú ti pọ̀ ju òyìnbó lọ ní South Carolina.

Ẹnì kan lè wá sọ pé New England mọ́, torí ẹrú ibẹ̀ ò pọ̀. Ẹ má gbà. Massachusetts ti fàyè gba ẹrú nínú òfin ní 1641, kí Virginia tó ṣe tiẹ̀. Ẹja cod tí wọ́n sì ń pa, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí, tí wọ́n ń sá gbẹ, èyí tó dáa níbẹ̀ ń lọ sí Spain àti Portugal, èyí tó ti fọ́, tó ti ń bàjẹ́, ọkọ̀ Boston ń kó o lọ sí Barbados, òun làwọn olóko ìrèké ń rà fún ẹrú jẹ.