Ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ nínú igbó: kí ni ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin ń múra sílẹ̀ fún gan-an?

Ọdún 2019 ni wọ́n ṣe ìdíje Eco-Challenge ní Fiji, ọdún 2020 sì ni Amazon Prime gbé e jáde fún aráyé wò. Ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wò ó kì í yàtọ̀ púpọ̀: kí ló dé tí ẹni tó taagun, tó sì ń sáré bí ẹni tí kò ní rẹ̀, fi ń juwọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí àwọn tí irun wọn ti ń funfun sì ń dé òpin? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀, èyí tí tẹlifíṣàn kì í fi bẹ́ẹ̀ fi hàn.

Irú ìdíje wo tiẹ̀ ni? Ṣé eré sísá ni?

Eré sísá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹni mẹ́rin, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n á fẹsẹ̀ la igbó kọjá, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè, wọ́n á wa ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á fi okùn pọ́n àpáta tàbí kí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, tọ̀sán tòru. Aago kì í dúró de ẹni tó ń sùn. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa pinnu ìgbà tí yóò dùbúlẹ̀ àti ìgbà tí yóò dìde.

Oníròyìn ará Faransé kan, Gérard Fusil, ló dá ìdíje irú èyí kan tó ń jẹ́ Raid Gauloises sílẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní New Zealand ní 1989. Lẹ́yìn náà ni Mark Burnett, tó ń ṣe ètò tẹlifíṣàn, gbé Eco-Challenge kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ní 1995. Ti Fiji tí mo ń sọ yìí, ẹgbẹ́ 66 láti orílẹ̀-èdè 30 ló lọ síbẹ̀. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 671, ọjọ́ 11 ni wọ́n sì fún wọn láti rìn ín tán. Ẹgbẹ́ New Zealand, tí Nathan Fa'avae jẹ́ olórí wọn, kò lò tó ọjọ́ mẹ́fà. Ọkùnrin náà ti lé ní ẹni ọdún 45 nígbà yẹn.

Báwo lèèyàn ṣe ń múra fún ọ̀nà tí kò mọ̀?

Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣì í lóye. Wọn kì í fi ọ̀nà náà han ẹnikẹ́ni ṣáájú. Nígbà tí ìdíje bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń pín máàpù, nígbà mìíràn ó lè ku wákàtí mélòó kan péré, apá kan nínú rẹ̀ sì lè má dé ọwọ́ wọn títí wọ́n á fi dé àárín ọ̀nà. GPS àti fóònù kò sí fún wọn láti fi wá ọ̀nà. Máàpù àti kọ́ńpáàsì ni wọ́n ní. Ibi àyẹ̀wò kan, tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dé, wà níhìn-ín, òmíràn wà lọ́hùn-ún, bí wọ́n ṣe máa ti ti àkọ́kọ́ dé ìkejì kò kan ẹni tó ṣètò ìdíje.

Nítorí náà, ẹni tó mọ máàpù kà ló ń dín kìlómítà kù fún àwọn yòókù. Ẹni tó yára lè jèrè ìṣẹ́jú mélòó kan lórí òkè kan. Ẹgbẹ́ tó bá wọ àfonífojì tí kì í ṣe tirẹ̀ lóru lè pàdánù ìdajì ọjọ́. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n kì í fi iṣẹ́ yìí sí ọwọ́ ẹyọ ẹnì kan. Wọ́n á kọ́ ẹlòmíràn sí i, nítorí pé ojú ẹni àkọ́kọ́ máa ṣú, oorun máa gbé e, àbí kí ó fẹsẹ̀ kọ. Wọn kì í kọ́ ọ lọ́sàn-án nìkan. Òru, òjò, inú igbó tí kò sí ipa ẹsẹ̀, níbi tí àtùpà orí kò tàn kọjá igi tó wà níwájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń lọ fi dánra wò.

Àṣìṣe kan wà tí gbogbo wọn ń ṣọ́ra fún. Bí ó bá ti rẹ èèyàn gidigidi, kì í ka máàpù bí ó ṣe rí mọ́, á máa kà á bí ó ṣe fẹ́ kó rí. Á rí odò kékeré kan, á ní odò tí àwọn ń wá nìyẹn. Á rí i pé odò náà ń ṣàn sí apá ibi tí kò yẹ, á tún wá àlàyé fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kejì fi máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò sì ní gbà títí ohun mẹ́ta tó wà lójú ilẹ̀ á fi bá ohun tó wà lórí ìwé mu.

Kí ló dé tí ẹni tó yára jù lọ kì í fi í gba ipò kìíní?

Nítorí pé kò sí ipò kìíní fún ẹnì kan ṣoṣo. Òfin ni pé kí àwọn mẹ́rin máa wà nítòsí ara wọn, kí wọ́n dé gbogbo ibi àyẹ̀wò papọ̀, kí wọ́n sì jọ kọjá ìlà ìparí. Nínú ọ̀pọ̀ ìdíje irú èyí, bí ọ̀kan bá jáwọ́, orúkọ ẹgbẹ́ náà kúrò lórí àtẹ nìyẹn, bí àwọn mẹ́ta tó kù tiẹ̀ fò dé òpin. Àwọn àgbà ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Àwọn tó ṣòfin yìí kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n kọ sínú ìwé.

Ìyára ẹgbẹ́ kò ju ìyára ẹni tó lọ́ra jù nínú wọn ní wákàtí yẹn. Mo ní “ní wákàtí yẹn” nítorí pé ẹni náà ń yí padà. Ẹni tó ń kọrin níwájú lọ́sàn-án àná lè máa bì lóru òní, kí obìnrin tí wọ́n rò pé òun ni yóò fà wọ́n sẹ́yìn wá di ẹni tó ń ru àpò méjì. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ní okùn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lára àpò: bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, wọ́n á so ó mọ́ ẹni tó ṣì lágbára, á máa fà á gun òkè. Wọ́n ń ṣe é lórí kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n á tún gba oúnjẹ, omi àti aṣọ inú àpò rẹ̀, wọ́n á pín in láàárín ara wọn.

Fífà kò ṣòro. Kí èèyàn gbà kí wọ́n fa òun ló ṣòro, pàápàá jù lọ fún ẹni tó ti gba àmì ẹ̀yẹ wá láti inú ìje tí wọ́n ń dá sá. Á máa rẹ̀ ẹ́, á ní kò sí nǹkan. Á dákẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ìgbà tó bá fi máa yanu sọ̀rọ̀, ó ti dàìsàn. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń fi ìfà kọ́ra nígbà tí ara gbogbo wọn ṣì le: lónìí èmi ni wọ́n ń fà, lọ́la ìwọ ni, kí ó má baà ní ìtìjú nínú mọ́. Lójú tèmi, èyí gan-an ni ìmúrasílẹ̀. Ìyókù, ara ló ń kọ́ ọ.

Ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í sùn?

Wọ́n ń sùn, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń lé ipò kìíní kì í sábà sùn rárá lóru àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan sí mẹ́ta lóru ni, nígbà mìíràn lórí ilẹ̀ lásán pẹ̀lú àpò ní ìrọ̀rí. Nígbà tó bá fi di òru kẹta, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tan wọ́n jẹ. Kùkùté á di arúgbó tó jókòó, àpáta á di ilé tí iná ń jó nínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n á sì máa sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn bí ẹni ń pàlọ́. Èyí kò léwu púpọ̀. Ewu wà nígbà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ bá ń sùn tí kò mọ̀ pé òun ń sùn.

Èèyàn ò lè kọ́ ara láti má sùn. Ohun tí wọ́n lè kọ́ ni bí ara kálukú ṣe ń hùwà bí oorun bá wọ́n: ta ló máa ń bínú, ta ló máa ń dákẹ́, ta ló máa ń gbàgbé láti jẹun. Wọ́n á lọ rin òru méjì pọ̀ kí wọ́n lè mọ èyí. Nígbà tí ìdíje bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan, oorun ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á sùn débi tí ó bá lè dé.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùṣètò kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lórí odò tó ń ru lálẹ́, nítorí ààbò. Ẹgbẹ́ tó bá ṣírò dáadáa á rí i pé ilẹ̀ ṣú bá òun létí odò náà, á sì sùn síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ti odò náà mọ́ gbogbo èèyàn. Ẹgbẹ́ tó ti sùn ní wákàtí méjì ṣáájú á dé ibẹ̀, á jókòó, á máa wo omi.

Fiji gbóná. Báwo ni òtútù ṣe mú wọn níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí dára. Odò tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè Viti Levu, erékùṣù tó tóbi jù ní Fiji, kò gbóná bí ti etíkun, wọ́n sì ní kí àwọn olùdíje lúwẹ̀ẹ́ gba àárín àpáta kọjá nínú rẹ̀. Omi máa ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ. Ẹni tí ebi ń pa, tí kò sùn, tí ọ̀rá ara rẹ̀ kò tó nǹkan, kò ní ohun tí yóò fi dáná nínú ara. Ó lè máa gbọ̀n nínú orílẹ̀-èdè tí àgbọn ti ń so. Ẹgbẹ́ tó bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì jẹun kí wọ́n tó wọ omi, ló ń bọ́.

Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?

Ẹsẹ̀ wà lára ohun tó máa ń lé èèyàn jáde. Ẹsẹ̀ tó wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta máa ń funfun, á hunjọ, á wá bó. Wọ́n ń ra bàtà tó tóbi díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ á wú. Wọ́n ń fi ìpara kùn ún kí omi má baà ráyè. Ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan wà tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ rìn, ti oorun ni. Ìléròrò kékeré tí èèyàn tijú láti dúró tọ́jú lówùúrọ̀ lè di ìdí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi wọ hẹlikọ́pítà lálẹ́.

Oúnjẹ: gbogbo wákàtí, yálà ó wù wọ́n àbí kò wù wọ́n. Ohun dídùn máa ń sú ẹnu tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nítorí náà oníyọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Ṣé wọ́n máa ń kó àrùn?

Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó lókìkí jù sì ni ti Eco-Challenge ní Sabah, ní erékùṣù Borneo, ní 2000. Lẹ́yìn tí àwọn olùdíje ti padà sílé ní orílẹ̀-èdè kálukú wọn, ibà bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn gúnlẹ̀. Leptospirosis ni, àrùn tí ìtọ̀ eku àti ti àwọn ẹranko mìíràn ń gbé sínú omi, tó sì máa ń gba ojú egbò wọlé. Àwọn olùwádìí bá 189 nínú wọn sọ̀rọ̀; àmì àìsàn náà ti hàn lára 80. Odò Segama tí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí. Ó jọ pé oògùn doxycycline dáàbò bo àwọn tó ti ń lò ó ṣáájú. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tó bá ń lọ sí ilẹ̀ olómi gbígbóná máa ń lọ bá dókítà kí wọ́n tó di ẹrù.

Ikú ńkọ́?

Ó ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2004, nínú ìdíje Primal Quest ní ìpínlẹ̀ Washington, òkúta já bọ́ lu Nigel Aylott, ọmọ Ọsirélíà, ó sì kú. Kò sí ìmúrasílẹ̀ tó lè dá òkúta tó ń já bọ́ dúró. Lónìí, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ẹgbẹ́ wà han àwọn olùṣètò máa ń wà lára wọn, bọ́tìnì ìpè fún ìrànwọ́ sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé ìdíje lè ti parí fún òun nìyẹn.

Ṣé wọ́n máa ń jà?

Wọ́n máa ń jà, lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. Ta ló gbàgbé láti pọn omi. Ta ló jẹ bísíkíìtì tó kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tó dára máa ń jókòó nílé, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mẹ́ta kan: ṣé a fẹ́ borí ni àbí a fẹ́ parí? Ta ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bí ọkàn wa kò bá ṣọ̀kan? Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ dúró, kí la máa ṣe kí a tó gbà fún un? Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń yà wọ́n lẹ́nu, nítorí pé àwọn mẹ́rin lè ti jọ ń gbára dì fún oṣù mẹ́fà lórí ìdí mẹ́rin.

Ní Fiji, Travis Macy bá bàbá rẹ̀, Mark Macy, díje nínú ẹgbẹ́ Endure, lẹ́yìn tí dókítà ti sọ fún bàbá náà pé àrùn Alzheimer, tó máa ń ba ìrántí jẹ́, ló ń ṣe é. Àwọn yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi wá.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbìyànjú ńkọ́?

Ìdíje oníwákàtí mẹ́fà wà, ti wákàtí 24 wà, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Expedition Africa ni orúkọ èyí tó gùn. Wọ́n ti ṣe é ní South Africa, ní Namibia àti ní Swaziland tí wọ́n ń pè ní Eswatini báyìí. Kí ó kọ́ ìwẹ̀ dáadáa, kí ó kọ́ máàpù, kí ó wá ẹni mẹ́ta tí wọ́n lè sọ òótọ́ fún un. Kí àwọn mẹ́rin wá lọ rin òru méjì nínú òjò kí wọ́n tó san owó ìforúkọsílẹ̀, nítorí owó náà wọ́n, ó sì ṣòro láti gbà á padà bí wọ́n bá yí ọkàn padà.