Omi ló ń pa ojá ìkookò, kì í ṣe òùngbẹ

Ewéko kan wà tí ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán bí idà, tó ní àwọ̀ tó-tò-tó lára bí awọ ejò. Snake plant ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Ojá ìkookò ni àwọn àgbà ń pe irú rẹ̀ tó ń hù fúnra rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àlejò kọ́ ni níhìn-ín: láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò ni ilẹ̀ ìbílẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún ẹni tó bá rà á ni pé, “Kò ní wàhálà rárá, ẹ ṣáà máa bu omi díẹ̀ sí i láràárọ̀.” Òótọ́ ni pé kò ní wàhálà. Omi àràárọ̀ yẹn ló ń pa á.

Inú ewé tó ki yẹn ló ń tọ́jú omi sí. Ihò wínníwínní tí ọ̀pọ̀ ewéko ń ṣí lọ́sàn-án, òru ni òun ń ṣí tirẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù, kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ó tún ní ìtàkùn tó nípọn bí ata ilẹ̀, omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Gbòǹgbò sì gbọ́dọ̀ mí. Àlàfo kéékèèké inú iyẹ̀pẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí omi bá ń dí i lójoojúmọ́, gbòǹgbò á kú, á sì jẹrà. Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ rèé: gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi kún ìkòkò. Ewé á wá hunjọ bíi ti ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Onílé á rí i, àánú á ṣe é, á tún bu omi sí i. Kò ní pẹ́ tí ewé náà á fi wó lulẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi ojú lásán wo ewé. Ẹ fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, níbi tó ti yọ nínú iyẹ̀pẹ̀. Tó bá jẹ́ òùngbẹ lóòótọ́, ewé á hunjọ lóòró, etí rẹ̀ á ká wọnú, àmọ́ ìdí rẹ̀ á le koko, iyẹ̀pẹ̀ á sì ti gbẹ. Tó bá jẹ́ omi àpọ̀jù, ìdí ewé á pọ́n rúsúrúsú, á rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, á máa rùn. Bẹ́ẹ bá fà á, kò ní janpata, á yọ.

Kẹ́ ẹ tó bomi rin ín, ẹ ki igi súyà bọ inú iyẹ̀pẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ fà á yọ. Tó bá tutù tàbí tí iyẹ̀pẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì yá. Nínú ilé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 nígbà òjò. Fún ẹni tó wà ní London nígbà òtútù, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6. Igi súyà ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Tó bá wá yá, ẹ bu omi dáadáa títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ da èyí tó wà nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Ẹ má da omi sí àárín ewé, ibẹ̀ ń tètè rà.

Abọ́ aláràbarà tí kò ní ihò nídìí kò dáa fún un, bó ti wù kó rẹwà tó. Ìkòkò amọ̀ oníhò ló dára jù. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ dúdú agolo 2, ṣáápù sáńdì agolo 2, èédú tẹ́ ẹ fọ́ wẹ́wẹ́ agolo 1. Inú òkùnkùn, ó lè má kú, àmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi níbẹ̀, ìyẹn ni pé kí omi rẹ̀ tún dín kù sí i.

Èyí tó ti ń jẹrà ṣì lè yè. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ ti fi sípíríìtì nù gé gbogbo ibi tó rọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síbi ìbòji fún ọjọ́ 3 sí 5 kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kẹ́ ẹ gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, kẹ́ ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó bomi. Bó bá jẹ́ ewé lásán ló ṣẹ́ kù, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, ẹ jẹ́ kó gbẹ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀ láti ìdí, ẹ má dojú rẹ̀ dé o. Àmọ́ oríṣi tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ọmọ tó bá ti ara ewé gígé yọ kì í ní etí ìyeyè mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọ̀ náà wà níbẹ̀, ìtàkùn ìsàlẹ̀ ni kó pín.