Bí ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ tó ní amọ̀nà ṣe ń lọ ní Cinque Terre

Tí wọ́n bá ní ẹnì kan sanwó kí wọ́n lè mú un fẹsẹ̀ rin òkè fún ọjọ́ mẹ́fà, ohun táwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi ni pé kí lonítọ̀hún wá ń sanwó fún, ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀ náà ló fi máa rìn ín ni? Ìbéèrè gidi ni, torí ibi tówó yẹn wọlé sí kì í hàn sójú. Ẹ jẹ́ ká fi Cinque Terre wò ó, ìyẹn àwọn abúlé márùn-ún tó wà létí òkun Mẹditaréníà ní agbègbè Liguria lórílẹ̀-èdè Ítálì: Monterosso, Vernazza, Corniglia, Manarola àti Riomaggiore. Etí òkun ibẹ̀ kì í ṣe oníyanrìn tó tẹ́ lọ rẹrẹ, òkè ló ki orí bọ inú omi, ilé wà lórí àpáta, oko àjàrà wà lókè ilé, mọ́tò ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríbi gbà wọlé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ làwọn ará ibẹ̀ ń tọ̀ látayébáyé.

Ohun tó mú kí gbogbo ètò yìí ṣeé ṣe ni reluwé. Ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá láti Genoa dé La Spezia ti wà láti 1874, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè ló ń gbà jù, èèyàn á kàn rí òkun fìrí, ó tún ti ṣókùnkùn. Láti abúlé kan sí ìkejì ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Níbòmíì létí òkun Mẹditaréníà, bọ́ọ̀sì kékeré ló máa ń gbé ẹrù láti hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ sí òmíì, àwọn tó lẹrù á máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré lẹ́yìn. Ìyẹn nira ní Cinque Terre, torí náà ibì kan ni wọ́n sábà máa ń sùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, ó lè jẹ́ Levanto, ìlú kan tó wà nítòsí, tàbí Monterosso, wọ́n á wọ reluwé lọ síbi tí ìrìn ti máa bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ padà nírọ̀lẹ́. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn lè bọ́ sílẹ̀ ní abúlé tó kàn, kó wọkọ̀ padà lọ na ẹsẹ̀, kò sì ní dá ìrìn ẹnikẹ́ni dúró. Kí amọ̀nà tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì ló ti mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti lè já síta tọ́rọ̀ bá yí.

Èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún ló sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, torí ọ̀nà há, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò lọ, tí wọ́n bá sì pọ̀ ju ìyẹn lọ, ohùn ẹni tó wà níwájú ò ní dé ẹ̀yìn mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn náà ní iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí owó tí wọ́n ná tó lè padà wọlé. Tí ò bá pé, òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà wọ́n láyè láti fagi lé e kí wọ́n sì dá gbogbo owó padà, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ó kéré tán ní 20 ọjọ́ ṣáájú tí ìrìn-àjò náà bá ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì sí mẹ́fà, ọjọ́ méje ṣáájú. Owó tọ́wọ́ wọn tẹ̀ ni wọ́n ń dá padà o, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú téèyàn fúnra ẹ̀ rà síta ò sí níbẹ̀, torí náà kó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá iye èèyàn ti pé kó tó rà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, bàtà lamọ̀nà máa kọ́kọ́ wò. Sílípáàsì ò ṣeé gun òkè yẹn, látọdún 2019 làwọn tó ń mójú tó ọgbà ìjọba tó wà níbẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá wọ irú ẹ̀ lè san owó ìtanràn, láti 50 yúrò títí dé 2,500. Lẹ́yìn bàtà ló kan omi.

Tí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀, amọ̀nà á mọ̀ọ́mọ̀ rọra rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn kan á ti máa kùn pé ó lọ́ra jù. Etí ló ń tẹ́, ó ń gbọ́ ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wo ẹni tó ń di ògiri mú. Á dá wọn dúró bíi pé kí wọ́n bọ́ kóòtù lásán ni, ibẹ̀ ló sì ti máa tún wọn tò, ẹni tí ò lè yára lá fà wá sẹ́yìn ara ẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdí ìlà ló yẹ kẹ́ni tó lọ́ra wà. Tó bá wà nídìí ìlà, àwọn ará iwájú á dúró dè é, wọ́n á mumi, wọ́n á sinmi, bó bá ṣe ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n á ti dìde, ó yá, ká máa lọ, òun tó nílò ìsinmi jù lọ ni ò ní sinmi rárá, tó bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹsẹ̀ ti kọ̀ nìyẹn. Asúrétete ò róyè jẹ, arìngbẹ̀rẹ̀ ní í moyè jẹ: ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo ẹgbẹ́ ń fi rìn. Tọ́nà bá sì yà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò ní oríta títí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ á fi rí i. Ọ̀dà pupa àti funfun tí wọ́n kùn sára òkúta ló ń júwe ọ̀nà, àmọ́ ẹni tó ń ya fọ́tò kì í rí ọ̀dà.

Iye kìlómítà máa ń tan èèyàn jẹ. Láti Monterosso dé Vernazza ò ju nǹkan bíi kìlómítà 3.5 lọ. William Naismith, ọmọ Scotland, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ ní 1892 tí wọ́n ṣì ń lò dòní: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún, kí wọ́n tún fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tí wọ́n bá gùn. Tá a bá ro kìlómítà àti òkè tó wà níbẹ̀ pọ̀, ìyẹn á fún wa ní bíi wákàtí kan, ẹgbẹ́ sì máa ń lò tó méjì, torí àtẹ̀gùn òkúta ibẹ̀ ò dọ́gba, àwọn míì á sì máa bọ̀ níwájú tí wọ́n gbọ́dọ̀ yà fún. Mítà mélòó la máa gùn lójúmọ́ ni ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi. Corniglia nìkan ni ò sí létí omi, orí àpáta tó ga tó nǹkan bíi 100 mítà ló wà, àtẹ̀gùn tó so stéṣọ̀n mọ́ abúlé náà, Lardarina, lé ní 370.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, wọn ò fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n. Òkúta lórí òkúta ni, àwọn àgbẹ̀ ló tò ó láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n lè rílẹ̀ gbin àjàrà sí. Téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ wò ó, á rí i pé wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ni wọ́n fi há àárín ńlá, omi òjò á gba ibẹ̀ sun jáde, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ò sì ní mumi yó débi táá ti ògiri ṣubú. Amọ̀nà ò ní gbà kẹ́nikẹ́ni jókòó lé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ti bá iṣẹ́ míì lọ, ibi tí ògiri bá sì ti wó tẹ́nikẹ́ni ò tún un tò, òkè ibẹ̀ lè ya. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹwàá 2011, òjò ńlá wọ́ ẹrẹ̀ àti òkúta wọ Vernazza àti Monterosso, ẹ̀mí sì lọ sí i. Ọ̀nà kékeré tó wà láàárín Riomaggiore àti Manarola, Via dell'Amore, òkúta ya lu àwọn àlejò níbẹ̀ ní 2012, ó di 2024 kí wọ́n tó tún un ṣí. Torí náà tí wọ́n bá kéde ìkìlọ̀ òjò, wọ́n lè ti àwọn ọ̀nà pa, ètò tó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ á yí padà lójú ẹsẹ̀, èyí ò sì túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé London tó jẹ́ pé pàsípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn ṣì nílò físà Schengen kí wọ́n tó lè wọ Ítálì, ìwé ìgbélùú Britain ò rọ́pò ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ṣáájú lèèyàn ti lè béèrè fún un, ó pẹ́ tán, kó ṣì ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ìrìn-àjò tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì ìtọ́jú tó tó 30,000 yúrò. Kó bi àwọn oníṣọ́ránsì náà bóyá rírin òkè wà nínú ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ní pèpéle stéṣọ̀n, ọkọ̀ á ti máa hó bọ̀ nínú ihò, amọ̀nà á tún kà wọ́n: mọ́kànlá. Méjìlá ló yẹ kó jẹ́. Ẹni kejìlá ti wà ní hòtẹ́ẹ̀lì láti ọ̀sán, ó fi ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí.