"Ọkọ̀ fáíbà kì í jẹrà": ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ mọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀. Ó sì ti wá di ohun tí ẹni tó fẹ́ rà á pàápàá fi ń tu ara rẹ̀ nínú: "Fáíbà nìyí o, kì í ṣe igi. Fáíbà kì í jẹrà." Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, á máa dán gbinrin nínú oòrùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́ńjìnnì nìkan ni gbogbo ojú á máa wò. HP mélòó ni, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì? Ọdún wo ló jáde? Ṣé kì í mu epo jù? Àwọn tó ń pè mí pé kí n bá àwọn wo ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ rà láyé wọn kì í bi mí jù báyìí lọ. Wọn kì í bi mí pé kí ni wọ́n so ẹ́ńjìnnì náà mọ́, àti pé ṣé ohun tí wọ́n so ó mọ́ ṣì lágbára. Ó ń dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an ni owó wọn ti ń wọmi.

Ohun tí gbogbo wa mọ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Fọ́nrán dígí tí wọ́n fi résìn pò, tó sì gan, kò ní ohun tí ikán lè jẹ nínú rẹ̀. Iyọ̀ kì í jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ irin. Kòkòrò inú ọ̀sà tó ń lu ọkọ̀ onígi ní ihò bí asẹ́ kò rí tiẹ̀ ṣe. Àwọn ọkọ̀ fáíbà tí wọ́n ṣe láàárín 1960 sí 1970 ṣì wà lórí omi káàkiri ayé títí dòní. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ onígi pẹja ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, tó mọ ìyà tó wà nínú dídí ojú ọkọ̀ lọ́dọọdún, tó wá ní fáíbà sàn ju igi lọ, kò parọ́.

Ibi tí àṣìṣe wà ni pé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní fáíbà kì í ṣe fáíbà látòkè délẹ̀.

Ẹ wo pátákó tó dúró lóòró ní ìdí ọkọ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì gùn. Transom ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Pátákó ìdí ni èmi á máa pè é níbí. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọkọ̀ tó ti pẹ́ débi tí owó ẹni tó ń ra àkọ́rà fi ká a, plywood ló wà nínú pátákó yẹn. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó nípọn tó ínǹṣì kan ààbọ̀ sí méjì, kí wọ́n tó fi fáíbà bò ó níwájú àti lẹ́yìn. Fáíbà nìkan á máa tẹ̀, àfi tí wọ́n bá jẹ́ kó nípọn gan-an. Igi àárín yẹn ni kì í jẹ́ kó tẹ̀, òun náà ló sì ń gba agbára tí nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì fi ń fún un mọ́ra. Àwọn igi gbọọrọ tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ dúró sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ náà, àti ilẹ̀ tí ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ pàápàá. Ẹ̀kọ inú ewé ni. Ewé lẹ ń rí tó ń dán yẹn, ẹ ò tíì rí ẹ̀kọ.

Ẹ́ńjìnnì 200 HP oní-four-stroke wúwo ju 200 kílò lọ. Gbogbo ìwúwo yẹn ló rọ̀ mọ́ pátákó kan ṣoṣo yìí, tí á tún máa tì í síwájú bí ọkọ̀ bá ń sáré, tí á máa jà á gbà bí ìgbì bá ń gbé e sókè tó ń jù ú sílẹ̀. Bí igi inú rẹ̀ bá ti rọ̀, fáíbà pẹlẹbẹ méjì ló kù tí wọ́n jọ ń gbé e.

Ihò ni omi ń bá wọ inú igi náà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló sábà máa ń di ẹ́ńjìnnì mú, ihò mẹ́rin nìyẹn. Ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ ńkọ́? Ó la igi kọjá. Òrùka ìfàkọ̀, àkàbà, ẹ̀rọ tí ń wo jíjìn omi, ìṣó onírin kéékèèké ló dì wọ́n mú, kálukú wọn ló sì dá ihò tirẹ̀ sí. Ẹni tó ni ọkọ̀ á yọ ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, á gbé òmíràn síbẹ̀, á fi ihò àtijọ́ sílẹ̀ tàbí kó fi silíkónì díẹ̀ dí i. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ. Mo ti rí ihò kan tí kò ju orí ìṣó lọ tó ba pátákó ìdí jẹ́ dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ tó wá le láti là yé àwọn èèyàn, tí mo máa ń sọ títí tí ẹnu á fi bó, ni irú omi tó ń ba igi yìí jẹ́. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé omi oníyọ̀ ni ọ̀tá. Nítorí náà, ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ní, "Inú adágún omi tí kò níyọ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò ó," ẹni tó ń rà á á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì ni, òótọ́ ni: iyọ̀ máa ń jẹ ọ̀nà tí omi ń gbà tu ẹ́ńjìnnì lára. Ti igi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ plywood inú fáíbà kì í ṣe kòkòrò, ẹbí olú ni, irú èyí tó ń hù lára kùkùté nínú oko. Iyọ̀ máa ń dí i lọ́wọ́. Omi tí kò níyọ̀ kì í dí i lọ́wọ́ rárá. Ọ̀sà Èkó gan-an, nígbà òjò, iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń dín kù gidigidi.

Ohun mẹ́ta ni olú yìí ń fẹ́: ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ àti ooru. Ẹ wo òpó èbúté tí wọ́n rì sínú odò. Ibi tí omi ń dé tó tún ń fà kúrò ló ń kọ́kọ́ jẹrà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ tó wà nínú omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí afẹ́fẹ́ kò tó níbẹ̀. Igi inú pátákó ìdí kò rì sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò gbẹ. Ó kàn tutù díẹ̀ ni, oòrùn ń sun ún láti ìta, fáíbà kò sì jẹ́ kí omi rẹ̀ rí ọ̀nà jáde. Kò sí ibòmíràn tí yóò bá olú lára mu tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, omi òjò ló ń pa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà lọ́dọ̀ wa. Orí ilẹ̀ ló sì ti ń pa wọ́n. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí tírélà kékeré tí wọ́n fi ń fà á, lẹ́yìnkùlé, wọn ò ní ta tapólì bò ó, imú rẹ̀ á dorí kodò, ewé á dí ihò ìdí rẹ̀, òjò á sì máa rọ̀ sí i láti àkọ́rọ̀ títí dé àrọ̀kúrò. Lẹ́yìn ọdún méjì, alárinà á wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ò tíì kan omi láti ìgbà tó ti dé." Ohun tó fi ń polówó rẹ̀ yẹn ni èmi fi máa ń sún mọ́ ìdí ọkọ̀ náà.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ wo ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 22 lápá Ìkòròdú. Ó funfun, wọ́n ti fi ọ̀dà ìdán pa á lára. Bí wọ́n ṣe tan ẹ́ńjìnnì 115 HP ìdí rẹ̀ ló dáhùn, inú ọmọ náà sì ti dùn. Mo ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n gbé ìrù rẹ̀ sókè. Mo di ibi ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, lókè àjẹ̀ rẹ̀ tó ń yí nínú omi (propeller), mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, mo sì ń wo igun ibi tí pátákó ìdí ti pàdé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó tín-ín-rín bí irun. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń là, bí mo ṣe ń tú u sílẹ̀ ló ń padé, bí ẹnu ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí ilẹ̀. Mo tú nọ́ọ̀tì òrùka ìfàkọ̀ ọwọ́ ìsàlẹ̀. Omi pupa rúsúrúsú bíi tíì Lipton bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ó ń rùn bí ewé tó ti pẹ́ nínú àgbá. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní omi òjò àná ni. Oṣù kìn-ín-ní ni, ètè gbogbo wa ló bó nítorí ọyẹ́.

Ọmọ náà rà á ṣáá, wọ́n dín owó rẹ̀ kù fún un. Nígbà tí a gé fáíbà inú ìdí ọkọ̀ náà, ọwọ́ ni mo fi ń bu plywood náà jáde, bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ yẹn gbà wá, owó tí wọ́n dín fún un kò sì kájú rẹ̀.

Ẹ ò nílò irinṣẹ́ ọlọ́lá kí ẹ tó yẹ ibẹ̀ wò. Ẹ fi ìdí súkúrúdíráfà kan gbogbo pátákó ìdí látòkè délẹ̀, ẹ tẹ́tí sí i. Ibi tó le á máa dún kó-kó, gbangba. Ibi tó ti bàjẹ́ ohùn rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, á máa dún bí ẹni ń gbá àpò gàrí. Ẹ fi ìka wo etí ihò tí omi ń gbà jáde. Bí igi bá hàn níbẹ̀, kò yẹ kó dúdú, kò yẹ kí èékánná wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ yẹn. Ẹ rìn lórí ilẹ̀ ọkọ̀ láìwọ bàtà, kí ẹsẹ̀ yín lè mọ ibi tó ń rọ̀. Bí ẹni tó ni ín bá gbà, ẹ tú nọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀, ẹ dúró wò ó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ náà, kì í sì í ṣe lẹ́nu alárinà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti nǹkan bí 1984 ní àmì méjìlá tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, lókè pátákó ìdí lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni ọdún ọkọ̀ náà. Bí ó bá parí sí 98, 1998 ni, ohunkóhun tó wù kí wọ́n kọ sínú ìwé títà. Ó ṣe pàtàkì, nítorí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kan ti pa igi tì láti ìgbà yẹn, wọ́n ń fi fóòmù líle sí àárín, àwọn mìíràn sì ń lo plywood títí di ẹnu àìpẹ́ yìí. Bí ẹ bá ti mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é àti ọdún rẹ̀, ẹ lè wádìí ohun tó wà láàárín kí ẹ tó kúrò nílé.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Ohùn tó bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Ibi tí wọ́n ti lẹ fáíbà lé fáíbà nípọn nípọn lè dún bẹ́ẹ̀, ibi tí fóòmù wà lè dún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin náà lè ṣìnà bí irin bá wà nítòsí. Ó sì ṣeé ṣe kí pátákó ìdí tutù ní igun kan ṣoṣo, kó ṣì ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ bí wọ́n bá tètè dí ihò rẹ̀. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé bí mẹ́ta nínú àwọn àmì yìí bá bá ara wọn mu, ẹ ka iye owó àtúnṣe mọ́ owó ọkọ̀, kí ẹ sì mú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ fáíbà dání kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà tuntun tó wà ní ìdí nìkan, tí ara ọkọ̀ yòókù sì ti pọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dì mọ́ ìdí ọkọ̀ látọ̀tún dósì. Àwọn kan máa ń fi sí i nítorí agbára, àwọn mìíràn máa ń fi bo egbò. Ẹ má sì gbé ẹ́ńjìnnì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sórí rẹ̀ láìwádìí. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 sábà máa ń ní pákó kékeré kan nítòsí ibi ìdarí tó sọ HP tó lè gbé. Ẹ kà á. Bó bá jẹ́ èrò lẹ fẹ́ máa fi gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọ̀rọ̀ yìí ní kékeré. Bí pátákó ìdí bá ya láàárín ọ̀sà, omi máa ń wọlé lẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí ìwúwo pọ̀ sí jù.

Ẹni tó ti ra tirẹ̀, kó gbé imú ọkọ̀ ga ju ìdí lọ lórí tírélà, kó yọ ìdérí ihò ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kó ta tapólì bò ó, kó sì máa tú nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì láti fi ohun ìdíhò tuntun sí i ní ọdún díẹ̀ sí ọdún díẹ̀. Mo mọ ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe ní 1988, plywood ló wà ní ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mo kàn án lóṣù tó kọjá. Kó-kó ló ń dún.