Omi Ẹran Ló Ń Ké Ṣàà Yẹn

Bọ̀dá mi yà sílé wa ní Sátidé kan, mo wà ní kíṣìnì, mò ń ṣe bọ́gà fún àwọn ọmọ. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo iná gáàsì mi bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ purọ́.

"Iná yìí kéré," wọ́n ní. "Gbé e sókè dáadáa. Ẹran bọ́gà, iná líle ló ń fẹ́, kójú ẹ̀ lè tètè dí. Tójú ẹ̀ bá ti dí, omi inú ẹ̀ ò ní ríbi gbà jáde mọ́."

Mo gbé iná sókè. Ó yẹ kí n gbé e sókè lóòótọ́, páànù ò tíì gbóná tó. Àmọ́ ìdí tí wọ́n sọ yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe bọ̀dá mi nìkan ló gbà á gbọ́ o. Àwọn tó ń se oúnjẹ lórí tẹlifíṣọ̀n ń sọ ọ́, àwọn tó ń yan ẹran lóde àríyá ń sọ ọ́, èmi náà sọ ọ́ fáwọn èèyàn títí ó fi sú mi. Iná líle kì í dí ojú ẹran. Kò sí iná tó lè dí i.

Ẹ fetí sí páànù. Bí ẹran bá ti fara kan irin gbígbóná, á ké ṣàà. Kí ló ń ké gan-an? Òróró kọ́. Ẹ da òróró nìkan sí páànù, ẹ gbé e kaná: á gbóná, á máa rú èéfín bó bá pẹ́, kò ní fọhùn. Ẹ wá ta ẹ̀kán omi kan ṣoṣo sí i (ẹ fà sẹ́yìn o), ẹ ó gbọ́ ohùn tí mò ń wí. Omi inú ẹran ló ń jáde sórí irin, tó ń di oru lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú ẹran máa ń dí lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ṣebí ó yẹ kí páànù dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ta ló ti rí i kó dákẹ́ rí? Á máa ké títí ẹ ó fi gbé ẹran kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀rí kejì wà lórí abọ́. Ẹ gbé bọ́gà tójú rẹ̀ ti pọ́n dáadáa sórí abọ́ funfun, ẹ má tíì fi búrẹ́dì bò ó, ẹ wá nǹkan míì ṣe fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kẹ́ ẹ tó padà dé, omi pupa rẹ́súrẹ́sú á ti yí i ká, ọ̀rá á máa dán lójú omi náà. Ibo lèyí gbà jáde? (Omi pupa yẹn, ẹ̀jẹ̀ kọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ màlúù ti ṣàn tán lọ́dọ̀ alápatà. Èròjà kan tó ń jẹ́ myoglobin, tó máa ń tọ́jú ọ́síjìn pamọ́ sínú iṣan, ló jẹ́ kí omi náà pọ́n.)

Ẹni tó bí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀dẹ̀ rárá. Justus von Liebig ni, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì tó ń kọ́ni ní ìlú Giessen ní Jámánì, ọ̀kan nínú àwọn àgbà kẹ́mísírì ìgbà ayé rẹ̀. Ní 1847 ó tẹ ìwé jáde lórí ẹran. Ohun tó rò ni pé, bí a bá ju ẹran sínú omi tó ń hó, ara òde rẹ̀ á dì bí funfun ẹyin ṣe ń dì, á wá di èèpo tí omi ò lè gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí i ni. Gbogbo wa la ti rí funfun ẹyin tó dì nínú páànù. Kí Liebig tó sọ̀rọ̀, àwọn tó ń yan ẹran ní Yúróòpù a máa gbé e jìnnà síná níbẹ̀rẹ̀ kó lè rọra jinná, wọ́n á wá sún un mọ́ iná nígbẹ̀yìn kára rẹ̀ lè pọ́n. Lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀, wọ́n yí i po: iná líle lákọ̀ọ́kọ́, iná jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó sì di 1865, ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi ẹran tí wọ́n sè títí tó fi ki, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n wà lára ìgò rẹ̀, ni Liebig bá di ará ilé nínú kíṣìnì. Ta ni yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn?

Òṣùwọ̀n ló bá a jiyàn. Láàárín 1930 sí 1939, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà wọn ẹran kí wọ́n tó yan án, wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn tó jinná. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi iná líle pọ́n lójú kò fi omi pamọ́ ju èyí tí wọn ò fi iná líle bá jà. Ọ̀rọ̀ yẹ kó ti parí síbẹ̀. Bọ̀dá mi ò gbọ́ ní tiwọn.

Kí wá ni iná líle wà fún? Adùn ni. Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912: bí èròjà pròtíìnì àti ṣúgà bá pàdé nínú ooru tó pọ̀, wọ́n á bí òórùn àti adùn tí kò sí lára èyíkéyìí nínú wọn tẹ́lẹ̀, àwọ̀ á sì dúdú díẹ̀díẹ̀ bí àwọ̀ búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò. Ó máa ń yá bí ooru bá ti tó nǹkan bí 140°C. Omi inú páànù kì í sì í gbóná kọjá 100°C. Nítorí náà, bí omi bá ṣì wà lójú ẹran, ẹran yẹn ò tíì dín, bíbọ̀ ló ṣì ń bọ̀. Ẹ wo ẹran ọbẹ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ àti súyà. Ara màlúù kan náà ni méjèèjì ti wá, àmọ́ ta ló ń tò sórí ìlà lálẹ́ lẹ́bàá títì nítorí ẹran bíbọ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi tíṣù nu ojú ẹran gbẹ, tí mi ò sì í kó mẹ́rin sínú páànù kékeré. Bí wọ́n bá fún mọ́ra, oru ara wọn ni wọ́n á fi bọ ara wọn.

Adùn yìí kan náà ló ń tàn wá jẹ. Òórùn ẹran tó dín dáadáa a máa da itọ́ síni lẹ́nu, itọ́ ọ̀hún sì wà lára ohun tá a ń gbé jẹ tá a ń pè ní omi ẹran.

Ká ní ìgbàgbọ́ yìí ò ba nǹkan kan jẹ́, mi ò bá má dá sí i. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbà pé ojú ẹran ti dí, tómi ti há sínú, kì í tún wá ohun tó ń jẹ́ kí bọ́gà rọ̀ lóòótọ́. Ọ̀rá sì ni baba gbogbo rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹran lílọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù fún bọ́gà ni èyí tí ọ̀rá kó ìdá 20 nínú 100 rẹ̀. Wọ́n á kọ 80/20 sára láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi wé e, ẹni tó ń rà á á ti mọ ohun tó ń rà. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Màlúù tó ti rìn káàkiri igbó kó tó dé ọjà, ẹran rẹ̀ le, ọ̀rá rẹ̀ ò tó nǹkan. Bẹ́ ẹ bá tún wá ní kí alápatà bá yín yọ ọ̀rá kúrò, torí dókítà sọ báyìí sọ tọ̀hún, bọ́gà yín á gbẹ bí ekuru àná. Iké ni mo máa ń rà mọ́ ọn, òkìtì tó wà lẹ́yìn ọrùn àwọn màlúù funfun tó ń ti òkè Ọya wá. Ọ̀rá kún inú rẹ̀ bámú. Alápatà mi ti mọ̀ mí mọ́ ọn, bó bá ti rí mi lókèèrè á ti máa pariwo: "Ìyá Ìbejì, iké yín ti wà ńlẹ̀ o!" Mo ń po 800 gíráàmù ẹran ejìká mọ́ 200 gíráàmù ọ̀rá iké.

Kí n má gbàgbé: aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Mùsùlùmí kì í jẹ́ káwọn ọmọ rẹ̀ jẹ bọ́gà, nítorí "ham" tó wà nínú hamburger, orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, torí ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni ham. Ìlú lorúkọ yẹn ti wá, Hamburg, ìlú èbúté ní Jámánì. Màlúù ni ẹran rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ àfi bẹ́nì kan bá dìídì gé e lé e. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní òun ti gbọ́, síbẹ̀ káwọn ọmọ òun máa jẹ ẹ̀wà.

Ibi tí mo ti ń lọ̀ ọ́ náà ṣe kókó. Ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ ata, ẹ̀rọ yẹn á sọ ọ́ di ẹ̀kọ mímu, ata àná á sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọ-ẹran alápá ni mo ń lò. Kí n tó ra ẹ̀rọ, ọ̀bẹ mímú ni mo fi ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Mo máa ń kọ́kọ́ kó o sí firísà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ̀rá lè gan, torí ọ̀rá tó bá ti yọ́ mọ́ni lọ́wọ́ kò tún dé inú bọ́gà mọ́.

Ibi iyọ̀ lèmi ti ṣìṣe jù láyé mi. Mo máa ń da iyọ̀ àti magí sínú ẹran lílọ̀, màá wá pò ó bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Iyọ̀ a máa tú èròjà kan tó ń jẹ́ myosin jáde nínú ẹran, á máa lẹ̀ bí àtè, á so ẹran wẹ́wẹ́ pọ̀ di odidi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sọ́séèjì nìyẹn, ó sì dára fún sọ́séèjì. Bọ́gà tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀ á máa ta padà lẹ́nu bíi rọ́bà. Ní báyìí, iyọ̀ ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Màá bu nǹkan bí 150 gíráàmù, màá rọra kó o jọ láì fún un, màá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, màá fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kó jìn díẹ̀, torí etí rẹ̀ á sún kì bó bá rí iná, àárín á wá fẹ́ wú bí ikùn. Ìgbà tí páànù bá ti gbóná tán ni mo ń wọ́n iyọ̀ àti ata gígún sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan ń po ẹyin, búrẹ́dì, àlùbọ́sà àti kọ́rì mọ́ ọn. Oúnjẹ gidi ni, bẹ́ ẹ bá gbé e síwájú mi màá jẹ ẹ́ tán. Bọ́gà ni mi ò ní pè é.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ ẹran tó ti ń jinná mọ́ páànù, ariwo ńlá tó máa sọ yẹn, ọ̀rá àti omi tẹ́ ẹ fowó rà ló ń jóná. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó máa ń tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́ títí tó fi máa fẹ́lẹ́, àmọ́ kété tí ẹran bá bọ́ sórí irin ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ọ̀rá rẹ̀ ṣì tutù tó gan. Lẹ́yìn náà wọn kì í fọwọ́ kàn án mọ́.

Ó ku ìgbà tó yẹ ká gbé e kúrò, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Kòkòrò àìfojúrí tó bá wà lára odidi ẹran, òde ló máa ń wà, iná á pa á níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti lọ ẹran, òde ti di inú nìyẹn. Bójú rẹ̀ pọ́n bí idẹ, kò sọ ohunkóhun nípa àárín. Ní 1982 làwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dá kòkòrò tí wọ́n ń pè ní E. coli O157:H7 mọ̀ lára àwọn tó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ní Oregon àti Michigan, hamburger ni wọ́n jẹ. Ní 1993 ó tún ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà: àwọn tó lé ní 700 ṣàìsàn, ọmọdé mẹ́rin kú, bọ́gà tí kò jinná délẹ̀ ló fà á. Ìwọ̀n tí ìjọba ibẹ̀ ń sọ fáwọn èèyàn ni 71°C ní àárín gbùngbùn ẹran lílọ̀. Àwọ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, torí ẹran míì á ti dúdú nínú kó tó gbóná dé ìwọ̀n yẹn, òmíì á sì ti gbóná kọjá rẹ̀ síbẹ̀ kó ṣì pọ́n. Mo ra tẹmómítà oúnjẹ, ẹ̀gbẹ́ ni mo ń gbà tì í bọ àárín ẹran.

Bẹ́ran bá sì ti kọjá nǹkan bí 60°C, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ a máa sún kì, wọ́n á fún omi jáde bí ẹni fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sí bá a ṣe fẹ́ dé 71 kómi díẹ̀ má lọ. Omi tó máa lọ á lọ. Ọ̀rá iké tó yọ́ sínú ẹran ló máa ń dípò rẹ̀ lẹ́nu. Bí tẹmómítà bá ti kà á pé, mi ò tún fi ṣeré fún ìṣẹ́jú kan sí i.

Mo gbé ti bọ̀dá mi fún wọn lọ́jọ́ yẹn, àlùbọ́sà àti tọ̀mátì lórí rẹ̀, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ yìí fún wọn láti orí Liebig dé orí iké. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mirí. Ọ̀rá ṣàn dé ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n fi ẹnu lá a.

"Ṣó o wá rí i báyìí?" wọ́n ní, wọ́n na abọ́ sí mi fún ìkejì. "Ojú ẹ̀ ló dí."

"Ẹ ṣeun, sà," mo ní, mo sì gbé iná sókè.