Ọwọ́ Ọdẹ Ni Kíka Ẹyẹ Odò Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Ọ̀yọ́ wo ni kò mọ̀ pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, lékeléke náà dé nìyẹn? Wọ́n á tẹ̀ lé màlúù kiri pápá, wọ́n á máa ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù bá hú jáde jẹ, àwọn ọmọdé á sì máa na ìka sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní èékánná funfun. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn á gba Òkè Ọya lọ láti lọ yé, láti lọ pa.

Òyìnbó náà ń rí ẹyẹ tó ń lọ tó ń bọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ ni kò yé wọn. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yúróòpù fi gbà pé inú ẹrẹ̀ lábẹ́ omi ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ọfà ló tú àṣírí. Ní 1822, wọ́n yìnbọn pa ẹyẹ àkọ̀ kan nítòsí ìlú Klütz ní Jámánì. Ọfà Áfíríkà kan, tó gùn tó nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà, ti gún un lọ́rùn já sí òdìkejì. Ọdẹ adúláwọ̀ ta á, kò kú. Ó gbé ọfà lọ́rùn fò kọjá aṣálẹ̀ délé, ìbọn ọdẹ òyìnbó ló wá parí iṣẹ́. Ẹyẹ náà, tòun tọfà, ṣì wà ní Yunifásítì Rostock títí dòní.

Ọdẹ ṣíṣe náà ló bí kíka ẹyẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń pín ara wọn sí ọ̀nà méjì nígbà Kérésìmesì, ẹgbẹ́ tó bá pa ẹran àti ẹyẹ jù ló gbégbá orókè. Frank Chapman, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ní kí wọ́n máa kà wọ́n dípò kí wọ́n máa pa wọ́n. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1900, èèyàn 27 jẹ́ ìpè rẹ̀.

Ti Peter Scott, ọmọ Ìlú Ọba kan, ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ọdẹ gidi lòun, pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ àti gúúsì, ẹyẹ omi tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ, ló ń pa. Ní oṣù Kejìlá 1945, ó lọ sẹ́bàá odò Severn ní Ìlú Ọba, níbi tí àwọn gúúsì máa ń sá wá láti Rọ́ṣíà nígbà òtútù. Ó fara pa mọ́ sínú ilé kóńkéré kékeré tí wọ́n kọ́ nígbà ogun, ó ń yọjú wò wọ́n. Láàárín ọ̀pọ̀ gúúsì yẹn, ó rí méjì tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ó ti dá ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ẹyẹ omi sílẹ̀ ní Slimbridge, létí odò náà, wọ́n sì kọ́ ahéré tí èèyàn ti lè wo ẹyẹ láìjẹ́ pé ẹyẹ rí i. Ọdẹ tó bá ti gun ẹ̀gùn rí kò ní í bèèrè ohun tí ahéré náà wà fún. Ìbọn nìkan ló kù tí kò sí níbẹ̀.

Ní 1967 ni kíka ẹyẹ omi nínú oṣù Kìíní di ti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pa pọ̀. Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1991. Kí ló dé tó fi jẹ́ oṣù Kìíní? Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ omi ti di yìnyín, àwọn ẹyẹ á kóra jọ síbi díẹ̀ tí omi ṣì wà. Níhìn-ín, ọyẹ́ ti fa odò gbẹ, àwọn náà á ṣùjọ sójú ọ̀gọ̀dọ̀. Bí agbo bá pọ̀, akàyẹ á fara balẹ̀ ka mẹ́wàá, á fi ojú wọn ìwọ̀n àyè tí mẹ́wàá náà gbà, á wá máa fi ìwọ̀n yẹn lọ títí dé ìparí agbo, bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún.

Nàìjíríà wọ àdéhùn Ramsar, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ṣe láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi, ní 2001, adágún Nguru ní Òkè Ọya ló sì kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn náà. Ti wa kò jìnnà: odò Ògùn la Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé kọjá, ìdídò Ìkéré sì wà nítòsí Ìsẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo ẹyẹ níbẹ̀, kó gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ọgbà, kó jí lọ kí oòrùn tó mú, kó má wọ aṣọ funfun, kó sì fi ajá sílé.