Wọ́n ń kó kúrò ní Houston lọ sí Maryland: ìbọn tó wà nínú trust ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti fi ìbọn kan tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú àti sáílẹ́ńsà kan (ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu ìbọn kí ariwo rẹ̀ lè dínkù) sínú trust ní Texas. Iṣẹ́ tuntun ń gbé wọn lọ sí Maryland. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ dá trust tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ilé ẹbí ṣe ń jẹ́ yóò tètè lóye trust: ohun ìní náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, àwọn alábòójútó tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ló ń mójú tó o. Irú ìbọn wọ̀nyí wà lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1934, National Firearms Act, ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, ló sì ń tọ́jú ìwé wọn. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ máa mú un lò bí ọkọ kò bá sí nílé. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń lo trust.

Lójú ATF, trust tó wà ní Texas ló ni ìbọn náà. Bí ẹ bá dá òmíràn sílẹ̀ ní Maryland, ẹ ti dá oní-nǹkan mìíràn sílẹ̀ nìyẹn. Kí ìbọn tó kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì, ẹ ó tún kọ fọ́ọ̀mù 4, èyí tí wọ́n fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ATF láti gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ fún oní-nǹkan mìíràn, kí gbogbo alábòójútó trust tuntun náà sì tẹ̀ka, kí wọ́n mú fọ́tò wá, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní July 13, 2016. Lóòótọ́, owó orí $200 ti di òdo láti January 1, 2026 fún sáílẹ́ńsà àti ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú (ti ìbọn tó ń rọ̀jò ọta kò yí padà), ṣùgbọ́n wàhálà ìwé àti ìdúró ṣì wà níbẹ̀.

Trust tí wọ́n bá dá sílẹ̀ dáadáa ní Texas kì í kú torí pé ẹni tó ni ín sọdá ààlà. Àtúnṣe ló nílò: àdírẹ́sì tuntun, àti ìpínlẹ̀ tí òfin rẹ̀ yóò máa darí rẹ̀. Kí lọ́yà tó mọ òfin Maryland yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú nọ́tárì.

Ṣé wọ́n lè kó o sínú ọkọ̀ báyìí?

Sáílẹ́ńsà, bẹ́ẹ̀ ni, kò nílò ìyọ̀ǹda ATF. Ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, rárá o. Fọ́ọ̀mù kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 5320.20. Wọn kì í gbowó lórí rẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ATF sì buwọ́ lù ú *kí* ìbọn tó kúrò ní Texas. Ibí yìí ló ń dà mí láàmú jù, torí ibẹ̀ ni ọmọlúàbí ènìyàn ti ń di arúfin láìmọ̀. Tọ́kọ̀ ìkẹ́rù ti dé, ilé tuntun ti wà, wọ́n á ní ìwé á bá wọn lọ́hùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n buwọ́ lù wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn náà.

Ṣé Maryland máa gbà á?

Sáílẹ́ńsà kò ní wàhálà níbẹ̀. Ká ní New Jersey tàbí New York ni wọ́n ń lọ, wọn ì bá fi í sílẹ̀ ní Texas lọ́wọ́ alábòójútó mìíràn tó wà nínú trust, torí àwọn ìpínlẹ̀ yẹn kà á léèwọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọn ìbọn náà kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń gbé ọta tuntun sẹ́nu fúnra rẹ̀, tí ọta tó ń lò sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní centerfire (èyí tí ibi tó ń gbiná wà láàárín ìdí rẹ̀), Maryland kò fẹ́ ẹ bí gbogbo gígùn rẹ̀ kò bá tó 29 íǹṣì. Ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n bá kó wá ńkọ́? Wọ́n ní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ láàárín 90 ọjọ́.

Àbúrò ìyàwó wọn wà lára àwọn alábòójútó. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lónìí, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ ìkẹ́rù. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ẹni tó wà lórí físà onígbà díẹ̀ láyè láti ní ìbọn níkàáwọ́, àfi àwọn díẹ̀ bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Trust kò lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní green card lè ní ìbọn, àmọ́ ìdálẹ́bi lórí ọ̀ràn ìbọn lè mú kí wọ́n dá òun náà padà sílé. Fún ìdí èyí, kí ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ kí lọ́yà ìwọ̀lú náà wo ìwé trust yẹn, pẹ̀lú ti àdírẹ́sì tuntun.